Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí nípa àwòrán orí àpò àti apáàdì

Ayàwòrán ni mí. Ìlọrin ni mo ń gbé, ẹ̀gbẹ́ Òkèlele ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń yà sọ́dọ̀ mi àti àwọn tó ń fi fóònù pè mí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sábà máa ń bi mí. Mo ti jókòó kọ ìdáhùn rẹ̀ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè rí i kà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara dà á, màá sọ ọ́ gùn.

Irú àwòrán wo gan-an lẹ ń yà?

Àwòrán èèyàn ló pọ̀ jù níbẹ̀: obìnrin tó jókòó, àgbà tó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ọmọ tó ń wo ojú ọ̀nà. Ìjókòó wọn, irun wọn àti ọrùn wọn, lára àwọn ère àtijọ́ ilẹ̀ wa ni mo ti mú un, pàápàá àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n ní, ojú àwọn tí mo mọ̀ ni: ìyá tó ń ta wàrà, ọmọkùnrin tó ń hun aṣọ òkè ládùúgbò mi, àǹtí tó ń dín àkàrà ní ìdí ọ̀nà. Àpò kòkó, àjákù aṣọ òfì, apáàdì àti pákó àlòkù ni mo ń yà wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí mo fi ń kùn wọ́n, inú ilẹ̀ ni mo ti ń wà á.

Kí ló dé tí ẹ ò ra kánfáàsì bíi ti àwọn ayàwòrán yòókù?

Mo rà á rí. Ọdún mélòó kan ni mo fi rà á, owó ńlá sì ni. Ó máa ń dé ní funfun báláú, bí ilé tí ẹnikẹ́ni ò tí ì gbé rí. Màá wá dúró síwájú rẹ̀, ọwọ́ mi á kọ̀, kò ní lọ.

Ìyá tó bí ìyá mi, amọ̀kòkò ni wọ́n, ní Dada, níbi tí iṣẹ́ ìkòkò mímọ ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin Ìlọrin láti ìran dé ìran. Bí ìkòkò bá fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn kì í dà á nù. Èyí tó jinnú, wọ́n á fi bu omi fún adìẹ. Èyí tó tẹ́jú, wọ́n á fi wa iná lọ sílé ẹlòmíì. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ pé apáàdì ló tó ko iná lójú. Níṣojú mi ni màmá ti ń fi í kò ó. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti papò dà, mo ń palẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mọ́, mo sì he apáàdì kan. Mo yí inú rẹ̀ síta. Ipa ìka mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ léra bí aporo oko, níbi tí màmá ti fọwọ́ fa amọ̀ láti ìdí wá sókè. Mo ki ìka tèmi bọ ipa náà. Ìka tèmi gùn ju tiwọn lọ díẹ̀, síbẹ̀ ó wọ̀ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi èédú ya ojú wọn sínú apáàdì yẹn. Nígbà tí àwọn ará ilé rí i, wọn ò sọ pé ó dára tàbí kò dára. Orúkọ màmá ni wọ́n pè. Kò tíì sí àwòrán mi kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ohun tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ẹ wo àpò kòkó: lẹ́tà tí wọ́n fi yíǹkì tẹ̀ sí i lára ti ṣá, ihò wà níbi tí wọ́n fi ìwọ̀ kọ́ ọ, ẹnìkan sì ti fi okùn rán ibi tó ya. Bí mo bá tẹ́ irú rẹ̀ sílẹ̀, ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ kí n tó dé. Èmi kàn ń bá a sọ ọ́ lọ ni.

Ère Èsìẹ́ wo lẹ máa ń sọ yìí?

Èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bi mí bóyá ó ti dé Èsìẹ́ rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kwara ò tíì débẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Èsìẹ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000, tí a bá ka àwọn tó ti fọ́ mọ́ ọn. Kò sí ibòmíràn nílẹ̀ adúláwọ̀ tí wọ́n ti rí ère òkúta tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan. Èyí tó kéré nínú wọn ò ju nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, àwọn kan sì ga ju mítà kan lọ. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló jókòó lórí àpótí, àwọn kan sì mú ohun ìjà dání. Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn rọ̀, irú èyí tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, tí èékánná lè ha. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílùú náà ni pé àlejò ni wọ́n, pé wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó di òkúta. Kò tíì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹni tó gbẹ́ wọn.

Ní 1933, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS kan tó ń jẹ́ Ramshaw kọ ìròyìn wọn ránṣẹ́ síta, ní 1945 wọ́n sì dá ilé àkójọ sílẹ̀ fún wọn. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà nìyẹn. Ìwé kan á sọ pé Òyìnbó yẹn ló ṣàwárí wọn. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìlú tó ń ṣọdún fún ère kí Òyìnbó tó dé, tó mọ ibi tó wà, tó ń bọ̀wọ̀ fún un, kí ló kù tí ẹnìkan fẹ́ bá a ṣàwárí?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, orí kékeré kan tí kò ju ìkúùkù mi lọ ni mo jókòó tì. Imú rẹ̀ ti ṣẹ́. Irun rẹ̀ ni wọ́n dì lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó gbẹ́ ẹ sì ti fara balẹ̀ ha ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé olówó ń dúró tì í pé òun á ka iye ìlà tó san owó rẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, bí ìyá tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lójúde. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi yà á, mi ò sì yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n yẹn bá mi délé. Bí ẹ bá wo àwọn obìnrin inú àwòrán mi, gbogbo wọn ló gbé àgbọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ṣé Èsìẹ́ nìkan lẹ ti kọ́ ẹ̀kọ́ ni?

Rárá. Nípínlẹ̀ Kwara yìí kan náà, létí odò Ọya, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Tada. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ère bàbà tó jókòó, tó ká ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, tó gbé orúnkún kejì dúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ère nífẹ̀ láyé àtijọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó ti pẹ́ tó 600 ọdún, ó sì wà nílé àkójọ ìjọba àpapọ̀ l'Óníkàn, l'Ékòó, báyìí. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù lára rẹ̀ ni pé bàbà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan. Ẹ bi àwọn alágbẹ̀dẹ: bàbà tí wọn ò pò mọ́ nǹkan mìíràn ṣòroó yọ́ dà di ère. Iná tó lè yọ́ ọ gbọ́dọ̀ lé ní 1,080 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í ṣàn wọ gbogbo igun bí idẹ ṣe ń ṣàn. Ẹni tó ṣe é mọ bàbà rẹ̀ tinú tòde.

Kí wọ́n tó gbé e lọ sí Èkó, àwọn ará Tada máa ń gbé e lọ sétí odò láti fi yanrìn fọ̀ ọ́, kí ẹja lè pọ̀ kí ìyàwó sì bímọ. Yanrìn yẹn ti fọ ara rẹ̀ títí tó fi dán. Àwọn kan ń kédàárò pé ó ti ba ère náà jẹ́. Lójú tèmi, ọwọ́ tó ń fọ̀ ọ́ náà wà lára iṣẹ́ ọnà yẹn.

Ṣé ẹ ò wá ka iṣẹ́ ọnà Òyìnbó àtijọ́ sí ni?

Mo kà á sí gan-an. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà àtayébáyé, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni Ítálì àti Gíríìsì. Mo kọ́ ọ. Ohun tí mo wá bá níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà ayàwòrán wọn náà, ohun tó wà nítòsí wọn ni wọ́n lò. Ọmọ Ítálì kan tó ń jẹ́ Cennino Cennini kọ ìwé iṣẹ́ ní nǹkan bí 1400. Nínú rẹ̀, pupa ẹyin ni wọ́n fi ń po àwọ̀, wọ́n ń se awọ ẹran di àtè, wọ́n sì ń fi ẹfun ilẹ̀ tiwọn kun pákó kí wọ́n tó yàwòrán sí i. Ẹyin, awọ, ẹfun. Èwo nínú rẹ̀ ni kò sí ní Ọjà Ọba?

Michelangelo fi ọdún 1508 sí 1512 ya àjà ilé ìjọsìn Sistine ní Róòmù. Orí símẹ́ńtì ẹfun tútù ló ń yà á sí, díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká lóòjọ́, torí pé ìgbà tí ògiri bá ṣì tutù ni àwọ̀ máa ń wọ inú rẹ̀ lọ. Leonardo da Vinci tó ṣáájú rẹ̀ ò fẹ́ kánjú, ó ya Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn sórí ògiri gbígbẹ ní Milan, ó sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí 1498. Kò pẹ́ rárá tí àwọ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọ̀rọ̀ Leonardo yìí kì í kúrò lọ́kàn mi nígbàkúùgbà tí mo bá ń kánjú. Òye rẹ̀ ga ju ti gbogbo wa lọ, síbẹ̀ ògiri náà ò gbà fún un.

Kí lẹ fi ń ṣe àwọ̀?

Pupa: erùpẹ̀ tí mo ń bù níbi tí wọ́n ti gé òkè lójú ọ̀nà Àjàsẹ́. Ìyeyè: amọ̀ etí odò. Funfun: ẹfun. Dúdú: èédú, tàbí ẹ̀ẹ́fín ìdí ìkòkò. Búlúù: aró, èyí tí àwọn aláró ṣe láti ara ewé ẹ̀lú. Mo máa ń lo osùn náà, ṣùgbọ́n mo máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á pé osùn ń ṣá tí oòrùn bá ń mú un. Erùpẹ̀ kì í ṣá. Ohun tí oòrùn ti ń pa láti ọjọ́ tí ilẹ̀ ti wà, kí ló tún kù tí oòrùn fẹ́ fi í ṣe?

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa da erùpẹ̀ sínú korobá, màá da omi sí i, màá rò ó dáadáa. Yanrìn á kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀. Omi tó pọ́n tó wà lókè ni mo máa ń rọra dà sínú korobá kejì kó tó tòrò. Ọjọ́ kejì, ohun tó bá sílẹ̀ nínú korobá kejì á kúnná bí ìyẹ̀fun ẹ̀kọ. Màá sá a, màá sì kó o sórí ọlọ. Òkúta tí wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú wa lórúkọ. Èmi, erùpẹ̀ ìlú náà ni mo ń lọ. Tí mo bá ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́, etí ló máa ń sọ fún mi pé ó ti tó: ariwo hẹ̀rẹ̀hẹ̀rẹ̀ yẹn á dákẹ́, ọmọ ọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi han àwọn ọmọdé. Ẹ bu amọ̀ ìyeyè díẹ̀ sórí apáàdì, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó bí ẹni ń yan gààrí. Bó bá ti gbóná tó, ìyeyè náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú yín, láti etí wá sí àárín. Omi tó dì mọ́ ìpẹtà irin inú amọ̀ náà ni iná lé jáde, ló fi di pupa. Tó bá tutù, kò ní padà sí ìyeyè mọ́ láéláé. Láti inú korobá amọ̀ kan ṣoṣo, mo lè yọ àwọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, bí mo bá mọ ìgbà tó yẹ kí n gbé e kúrò lórí iná.

Ohun tí mo fi ń po àwọ̀ wọ̀nyí ni pupa ẹyin fún ibi tó fẹ́ ìlà tín-ín-rín, àti oje igi tí wọ́n ń pè ní gọ́ọ̀mù fún dúdú. Ọ̀dọ̀ àwọn áfáà ni mo ti kọ́ ti dúdú: tàdáà, yíǹkì tí wọ́n fi ń kọ wàláà (pákó ìkọ̀wé ọmọ kéwú), èédú àti oje igi náà ni. Àwọn ilé kéwú Ìlọrin ti ń po dúdú tó dára kí ilé ìtajà ọ̀dà kankan tó ṣí nílùú yìí.

Ẹ tún lè lo tìróò nìyẹn, àbí?

Rárá o. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń tà lọ́jà, òjé sì ń ṣe ọpọlọ ọmọdé ní ibi. Mi ò fẹ́ kó wọ ilé ẹnikẹ́ni láti ọwọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa lé e fún ọmọ ọwọ́ náà.

Báwo lẹ ṣe ń sọ àpò di ohun tó ṣeé kùn?

Mo máa ń fọ̀ ọ́, mo máa ń sá a, mo sì máa ń kàn án mọ́ férémù pákó. Lẹ́yìn náà ni àtè. Mo máa ń gba awọ màlúù tútù tí àwọn aṣiṣẹ́ awọ gé kù (kì í ṣe pọ̀nmọ́, èyí tí wọ́n ti fi iná sun ò wúlò fún un). Màá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, màá gbé e kaná rọra. Kò gbọ́dọ̀ hó. Bó bá hó, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nígbà tí mo bá sẹ́ ẹ tí ó sì tutù, á dì bí ẹ̀kọ inú ewé. Mo máa ń fi kànáfùrù sínú omi rẹ̀ kó má bàa bu, mo sì máa ń fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i kó le.

Àtè yìí ni mo ń fi kun àpò nígbà tó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, màá po ẹfun tí mo ti jọ̀ mọ́ àtè tó kù, màá fi kùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá nípọn jù, á sán. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀dà olóróró kun àpò lójú ẹsẹ̀ láìfi àtè ṣáájú, ẹ kìlọ̀ fún un: òróró á jẹ okùn àpò náà, á sì di gbígbó tí yóò máa já fúnra rẹ̀.

Ti apáàdì rọrùn ju èyí lọ. Àwọn amọ̀kòkò wa máa ń da omi èèpo irúgbá sára ìkòkò bó bá ṣe ń ti inú iná jáde, ìyẹn ló ń fún un ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ń dán. Mo kàn máa ń fi yanrìn ha ibi tí mo fẹ́ yà, kí àwọ̀ lè rí ibi dì mú. Ibi yòókù, mi ò ní fọwọ́ kàn án, ẹwà tí ìyá onìkòkò fi síbẹ̀ tó.

Ìlú Mùsùlùmí ni Ìlọrin. Ṣé kò sẹ́ni tó ń bá yín jà nítorí àwòrán èèyàn?

Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, wọn ò bá mi jà. Gbogbo wa la mọ oríkì ìlú wa: ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ìlú tí kò gbé eégún jáde, ẹ ò lè retí pé kí gbogbo ilé gba àwòrán èèyàn sí yàrá. Àwọn àgbà áfáà kan wà tí wọn kì í fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sọ́dọ̀ mi, màá ya gàárì ẹṣin ọlọ́ṣọ̀ọ́ tí wọ́n ń gùn lọ́jọ́ Dọ́bà fún un, tàbí Òkè Sóbì láàárọ̀ ọyẹ́, tàbí òfì tí kò sẹ́ni tó jókòó sídìí rẹ̀. Baba kan tó ra ti òfì yẹn sọ fún mi pé òun rí bàbá òun níbẹ̀. Kò sí ẹlẹ́mìí kankan nínú àwòrán náà.

Ohun kan ni mi ò ní ṣe: mi ò ní ya nǹkan sórí wàláà tí wọ́n ti kọ kéwú sí. Wọ́n ti gbé e wá fún mi rí, ó gbó, ó lẹ́wà, ó dán níbi tí ọwọ́ ọmọ kéwú ti dì í mú. Mo dá a padà. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìyẹn ti kọjá èyí tí mo lè bá sọ ọ́ lọ.

Ṣé kì í ṣe àṣà tuntun ni kéèyàn máa fi àjákù ṣe iṣẹ́ ọnà?

Ẹ lọ wo agọ̀ egúngún nílẹ̀ Ìgbómìnà. Aṣọ lórí aṣọ, àjákù lórí àjákù, ti ìyá àgbà wà nísàlẹ̀, ti ọmọ ọmọ wà lókè, ọdún dé ọdún ni wọ́n ń fi kún un. Kí Picasso, ayàwòrán ọmọ Sípéènì, tó lẹ rọ́bà orí tábìlì mọ́ àwòrán rẹ̀ ní 1912, tó sì fi okùn ṣe etí rẹ̀, ni a ti ń rán irú rẹ̀.

Lóde òní náà, ọ̀pọ̀ ló wà. Jimoh Buraimoh, ọmọ Òṣogbo, ìlẹ̀kẹ̀ ló fi ń yàwòrán. El Anatsui, ọmọ Ghana tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Nsukka láti 1975, ìdérí ìgò ọtí ló ń so pọ̀ pẹ̀lú okùn bàbà títí tó fi máa rí bí aṣọ tí wọ́n ta sára ògiri, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2015. Alberto Burri, dókítà tó di ayàwòrán ní Ítálì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àpò ni òun náà ń gé tó ń rán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí fọ́tò iṣẹ́ Burri, inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́ pé ẹlòmíì ti ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo wò ó dáadáa. Àpò tirẹ̀ dà bí ojú egbò tí wọ́n rán, iṣẹ́ dókítà ni. Tèmi jẹ́ ìjókòó. A ò gba ọ̀nà kan náà.

Ṣé á pẹ́? Ikán ńkọ́?

Erùpẹ̀ àti ẹfun á pẹ́ jù mí lọ. Àpò ni ẹ máa ṣọ́. Ikán fẹ́ràn okùn àpò, ó sì tún fẹ́ràn pákó férémù, nítorí náà ẹ má gbé e kalẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì má jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri tó ń làágùn nígbà òjò. Ẹ fi èèkàn pákó kékeré méjì sẹ́yìn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà ọyẹ́, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, torí àtè ara àpò máa ń sún kì nígbà tí atẹ́gùn bá gbẹ, ẹfun sì lè sán.

Ẹ má fi omi nù ún láé. Iṣẹ́ mi kan wà tí ọ́fíìsì kan rà, obìnrin mẹ́ta ló jókòó nínú rẹ̀, oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ rí eruku lára rẹ̀, ó sì fi ọṣẹ àti tówẹ̀lì fọ̀ ọ́ kó lè mọ́ kí ọ̀gá tó dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Nígbà tí wọ́n pè mí, iwájú orí obìnrin àárín ti lọ, àpò lásán ló kù níbẹ̀, ẹfun ń kán sílẹ̀ bí omi ògì. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Mo tún un ṣe, ṣùgbọ́n iwájú orí yẹn ò padà sí bó ṣe wà. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gàdàgbà: MÁ FI OMI NÙ MÍ. Ìyẹ́ adìẹ tàbí bùrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbọn eruku rẹ̀.

Ẹ lè ya bàbá mi tó ti kú?

Mo lè yà á. Fọ́tò nìkan kò tó mi o. Ẹ bá mi mú nǹkan wọn kan wá: agbádá tó gbó, àpò tí wọ́n fi ń gbé ọjà, ìlẹ̀kùn yàrá wọn tó ti ń jẹrà. Tí mo bá lè ya wọ́n sórí ohun tí wọ́n lò, ẹ̀yin fúnra yín á rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ sì jókòó tì mí, kẹ́ ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ọmọ kan sọ fún mi pé bàbá òun kì í fi ẹ̀yìn ti àga, pé ìgbà gbogbo ló dà bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún mi ju fọ́tò mẹ́wàá lọ.

Èló ni?

Bó bá ṣe tóbi sí àti bí ọjọ́ tí màá fi ṣe é bá ṣe pọ̀ sí. Ẹ máa san ìdajì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò kì í ná an bíi ti aṣọ, ṣùgbọ́n mo máa ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ya òbí rẹ̀.

Ọmọ mi fẹ́ràn láti máa ya nǹkan. Kí ni kí n rà fún un?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ fún un ní èédú ìdí àdògán, ẹ fún un ní apáàdì tàbí páálí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ba ilẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ládùúgbò yín: ahunṣọ, amọ̀kòkò, alágbẹ̀dẹ. Kó jókòó, kó máa wò wọ́n. Bó bá fẹ́ lọ síléèwé fún un lẹ́yìn, á ní nǹkan tó fẹ́ sọ.

Báwo la ṣe ń dé Èsìẹ́ láti Ìlọrin?

Ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Òmù-Àrán ní gáréèjì, á gba Àjàsẹ́-Ìpo kọjá. Ẹ sọ̀ ní Òró, ẹ wọ ọ̀kadà wọlé. Ẹ lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ sì mú bébà àti pẹ́ńsùlù dání. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ má kánjú rìn yípo. Ẹ mú ère kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ jókòó tì í.

Mo ní àwọn nǹkan àlòkù nílé. Ṣé mo lè kó o wá fún yín?

Ẹ kó o wá. Àpò kòkó àti àpò kọfí, àjákù aṣọ òfì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìkòkò tó fọ́, ilẹ̀kùn, pátákó òntẹ̀ àwọn aláró. Mi ò gba àpò ọ̀rá, kì í gba àtè. Bẹ́ ẹ bá ń kó o bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ sì sọ fún mi ẹni tó lò ó àti ohun tó fi ṣe. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọ́ sí.